Àwọn Àlejò Tí Mo Pè sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ìwé pélébé kan ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Mboppi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ẹni tó bá wá ra aṣọ á ti rí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Douala, ẹ wá bá wa kọ̀wé sórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ sọ bí ayé ṣe rí fún yín níbí. Kó má ju ojú ewé méjì lọ. Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Tíṣà á bá yín tún un ṣe." Òjò ti ta sí i lára, yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣí lápá kan. N kò tíì já a. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, ojú á sì tì mí.

Èmi ni Tíṣà. Ohun tí gbogbo ọjà ń pè mí nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ lóòótọ́ rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó wá bá àǹtí kan nínú ẹbí ta aṣọ ní Douala. Àǹtí ti padà sílé, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Mo ti lọ́kọ rí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òjò ló máa kọ́kọ́ ba àlejò lẹ́rù níbí. Lóòótọ́, òjò Douala kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé mo yadi lójijì. Èmi tí mo ti fi ẹnu jẹun láti ọjọ́ tí mo ti dàgbà! Oníbàárà á wọlé, á da Faransé sílẹ̀ wuuru, èmi á rẹ́rìn-ín. Òmíràn á wọlé, mo tún rẹ́rìn-ín. Àǹtí ní kí n jọ̀ọ́, kí n yéé rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní orí mi kò pé. Mo kọ́ "asso", ohun tí wọ́n fi ń pe oníbàárà tó bá ti mọ́ni lára. Mo kọ́ pijin tiwọn, tó jọ tiwa títí yóò fi kù díẹ̀ kó yéni. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó lè fi Faransé jà.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi jà. Ọlọ́kadà kan (bẹ́ńsíkìn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà níbí) gbé mi lọ sí Bassa, láàárín àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, nígbà tó jẹ́ pé Mboppi ni mo wí. Ó ní èmi ni n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Háà! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bú u láti orí dé àtàǹpàkò ní Faransé, n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lọ́nà. Mo délé, mo ṣílẹ̀kùn, mo wá rí i pé kò sí ẹnìkan tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún ní èdè tó máa fi dùn. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Solange ló bá mi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Yorùbá ni Solange, ìyá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n Douala ni wọ́n bí i sí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe nínú ọjà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé kí ni orúkọ búlọ́ọ̀gù náà á máa jẹ́. Mo ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé nílé wa, ibẹ̀ ni àlejò ti ń jókòó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń kọ nǹkan síbẹ̀ lórí ohun tójú mi rí: ọjà, òjò, ìjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹja yíyan.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ẹnìkan ṣoṣo ni mo ń kọ ọ́ fún. Màámi kò mọ̀wé. Ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Múyìwá àbúrò mi, tó ń bá wọn gbélé, á jókòó tì wọ́n, á kà á sí wọn létí. Ọdún mọ́kànlá ni n kò fojú kan màámi. Carte de séjour, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú yìí, tèmi ti kú, mo sì ti jẹ́ kó pẹ́ jù kí n tó lọ tún un gbà. Bí mo bá fẹsẹ̀ jáde, kò dájú pé mo lè padà wọlé. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ṣáà bá ìyá mi láàyè, n kò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Ta lo bá jẹun lónìí?" Kì í ṣe kí ni mo jẹ. Ta ni mo bá jẹ ẹ́. Lójú màámi, ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń dá jẹun ju ti ẹni tí ebi ń pa lọ. Mo ń purọ́. Mo ní èmi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá kí mi. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn èèyàn mi tó pọ̀ tó báyìí, èéṣe tí àwọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkankan nínú wọn lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀? Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Lọ́jọ́ kejì ni mo kọ ìwé ìpè tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri.

Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó. Ìjọ ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àdúrà. Mo ra bírò pupa tuntun, mo ń retí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ni Ìyá Bísí, tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara ti tèmi, tí wọ́n ti lò ju ogún ọdún lọ ní Douala. Wọ́n ní àwọn kò ní kọ ọ́, àwọn á sọ ọ́ sínú fóònù. Mo ní kò burú. Wọ́n tún gèlè wọn wé, bí ẹni pé fóònù á rí wọn, wọ́n wúkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí ìyá wọn ní Ṣakí, wọ́n kí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ìlọrin, wọ́n kí gbogbo ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí ẹni tó mọ̀ wọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, kíkí ni. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ ká tún rí ara wa. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ to orúkọ gbogbo ọjà rẹ̀ ránṣẹ́. Díákónì kan kọ ìwàásù, ojú ewé mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó sọ bí ayé ṣe rí fún òun.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Ìyá Bísí máa ń sunkún. Pákó lásán ló wà láàárín wa, mo ń gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ní n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n wò mí títí.

"Tíṣà, ta ló máa gbọ́ nílé pé mò ń sunkún ní Douala, tí kò ní ròyìn rẹ̀ fún ọ̀tá mi?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lójú àwọn ará ilé, a ti débi ire. Ẹni tó bá jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ti tú àṣírí gbogbo wa, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà, ìkíni là ń fi ránṣẹ́ sílé. A dúpẹ́, ara le, gbogbo nǹkan ń lọ.

Solange nìkan ló gbìyànjú. Ìlà méje ló kọ. "Mo gbọ́ Yorùbá nígbà tí maman ń bínú," ó bẹ̀rẹ̀ báyẹn. "Tí inú rẹ̀ dùn, Faransé ló ń sọ. Mo rò pé Yorùbá ni langue fún ìbínú. Mo wá mọ Tíṣà." Mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo dà á kọ sínú ìwé, mo sì mú bírò pupa. Iṣẹ́ tíṣà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo yọ Faransé kúrò, langue di èdè, mo fi òwe méjì sí i, mo sọ ìlà méje di ojú ewé kan ààbọ̀. Nígbà tó jáde lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀, Solange tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ó dára gan-an, ta ló kọ ọ́? Mo ní òun ni. Ó mi orí. Kò bínú, ó kàn ní kí n jọ̀ọ́ kí n yọ orúkọ òun kúrò, kò sì tún kọ nǹkan mọ́. Àlejò kan ṣoṣo tó wọlé tọkàntọkàn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé e jáde.

Ọjọ́ Àìkú sì ń bọ̀, màámi ń retí àwọn èèyàn mi. Kí ni kí n ṣe? Mo jókòó, mo di Bàbá Kẹ́hìndé, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ kan ní Bassa, tí orúnkún ń dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo di ìyàwó ilé kan tó ń ránṣọ, tí ọkọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo di bàbá kan tó ń ta ìwé nítòsí Marché Central, ọjà àárín ìlú. Inú màámi dùn, ẹ má wulẹ̀ sọ! Wọ́n gbàdúrà fún orúnkún Bàbá Kẹ́hìndé. Wọ́n ránṣẹ́ pé kó máa fi òrí gbígbóná pa á, kó má sì máa dúró pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n bi mí bóyá ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo ní ó máa ń wá ní Sátidé.

Mo jẹ́wọ́ fún Múyìwá, nítorí pé irọ́ náà ti ń wúwo jù fún ẹnìkan. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní ṣé kò ní burú báyìí. Mo ní kí ló burú níbẹ̀, bí inú ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ṣáà ti ń dùn? Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní lóòótọ́, kò burú.

Kò pẹ́ sígbà náà, a wà lórí fóònù, màámi bi mí léèrè.

"Àwọn tó wà ní Douala nìkan lo pè ni? Èmi náà kò lè wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bí màámi ṣe di àlejò Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, Múyìwá á máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, á fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Solange ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, n kò jẹ́ kí bírò pupa sún mọ́ ọ̀rọ̀ màámi rárá. Wọ́n sọ nípa ewúrẹ́ tó wọ yàrá pásítọ̀, tó jẹ ìwàásù tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe gbé wọn wọlé bàbá mi, tí òjò pa gbogbo ẹni tó sìn wọ́n wá. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á bú Múyìwá. "Ẹni tó ń kọ èyí kò tíì láya sílé. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí wọ́n rí i ní Douala." Múyìwá á sì kọ ọ́.

Ẹnìkan wà tí kì í kúrò nínú ìtàn wọn, Adúmáadán. Kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé Solange náà bi mí. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọdún márùn-ún, ó ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ìyàwó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Bàbá Láoyè, àbúrò bàbá mi, ṣì ń sáré kiri láìwọ ṣòkòtò nígbà tí màámi dé. Ó dúdú, ó ń dán, màámi sì sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ó ti darúgbó báyìí, eyín rẹ̀ ti ká, Adúmáadán náà ni. Àwa ọmọ là ń pè é ní Bàbá Láoyè. N kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu màámi rí láyé mi, kódà nígbà tí wọ́n bá ń bá a jà.

Ẹ ò rí nǹkan! Màámi tí kò mọ̀wé ló wá di ẹni tí wọ́n ń kà jù lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ìyá Bísí á gbé ìjókòó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí n ka ti màmá. Solange náà padà wá, fóònù lọ́wọ́, á máa bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Bísí á gbé ìrẹsì wá, Solange á ra ẹja, a jọ máa jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Lọ́jọ́ kan, màámi bi mí ní ìbéèrè wọn, mo sì dáhùn láìparọ́. Mo ní Ìyá Bísí ni, àti Solange. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run ṣeun."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pè, Múyìwá ló gbé e. Ó ní ohùn màámi há, pé wọ́n ní kí wọ́n má tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo tún pè, wọ́n ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ti lọ kí ẹnìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ dé, ọ̀rọ̀ màámi dé, ó tilẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó báyìí, kí ló lè ṣe é? Mo ní Múyìwá ń kọ́ bó ṣe yẹ kéèyàn kọ̀wé, nítorí ohun gbogbo ti wá wà létòletò. Báyẹn la ṣe wà títí tí ọ̀sẹ̀ fi ń gun orí ọ̀sẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹfà, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, òjò ń dà lu páànù, kò sí oníbàárà. Mo ṣí ohun tí Múyìwá fi ránṣẹ́. Òjò ló sọ nípa rẹ̀ náà, bó ṣe ń jò nínú ilé ìdáná. Mò ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo wá dé ìlà kan tó ní: "Bàbá Láoyè gun àkàbà lọ sórí òrùlé, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, kò gbọ́."

Mo tún un kà. Mo fi ìka sí i, mo tún un kà. Màámi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣàárẹ̀, bí orí wọn bá ń dà rú, wọn ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi àti Múyìwá. Mo padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, àti èyí tó ṣáájú ìyẹn. Nínú gbogbo rẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti bú Múyìwá. Mo mọ̀.

Mi ò pe Múyìwá lórí fóònù. Ẹ lè bi mí ní ìdí. Bí n kò bá tíì bèèrè, kò tíì ṣẹlẹ̀, ohun tí mo rò nìyẹn. Ìyá Bísí ti gbé ìjókòó dé, Solange ń fọ abọ́, wọ́n ń dúró. Mo pa "Bàbá Láoyè" rẹ́ lórí fóònù, mo fi "Adúmáadán" rọ́pò rẹ̀, mo gbé e sórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kà á fún wọn. N kò mọ bí ohùn mi ṣe jáde. Ìyá Bísí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní màmá mi lárinrin jù. A jẹun. Mo jẹ ìrẹsì náà, mo gbé e mì.

Múyìwá máa ń yọjú wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo bá ti gbé nǹkan síbẹ̀. Ìyá Bísí àti Solange kò tíì pẹ́ tí wọ́n lọ tí fóònù mi fi dún.

"Àǹtí mi, ẹ ti tún un ṣe."

"Mo ti tún un ṣe."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ní, "Ìgbà wo ni, Múyìwá?"

Ó ní ó máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọn kò jí mọ́. Wọ́n ti sin wọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Bàbá Láoyè ló pe ẹbí jọ, tó ní ẹnìkankan kò gbọdọ̀ túfọ̀ fún mi lórí fóònù, kí wọ́n wá ọ̀nà tí n ó fi wálé ná, pé bí mo bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ta ló máa dì mí mú? Mo bínú. Mo bú Múyìwá, mo pè é ní òpùrọ́, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n ti máa ṣọ̀fọ̀. Ó ń sunkún.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò burú, bí inú ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ṣáà ti ń dùn."

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n dákẹ́, mo ní ta ló sọ fún wọn pé n kò ní ẹni tó máa dì mí mú? Màámi kò mọ àwọn èèyàn mi ni? Bàbá Kẹ́hìndé ńkọ́? Ìyá tó ń ránṣọ ńkọ́?

Múyìwá ní, "Àǹtí mi, màámi mọ̀ pé ẹ̀yin ni gbogbo wọn."

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti mọ̀. Bàbá Kẹ́hìndé ti sọ pé ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀. Ìyàwó tó ń ránṣọ dé, òun náà ní ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu èmi gan-an. Màámi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa tún un kà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọ́n wá sọ fún Múyìwá pé, "Ọmọ mi ló ń ṣe àlejò ara rẹ̀. Mú bírò, jẹ́ kí n lọ bá a jókòó."

Mo rántí òrí gbígbóná. Orúnkún èmi gan-an ló ń dùn, tí mo gbé fún Bàbá Kẹ́hìndé. Èmi ni wọ́n ń tọ́jú.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Mo ti ronú lórí ilé, lórí ibi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí níbí, mo máa ń sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni. N kò mọ ohun tí màá máa sọ mọ́. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, òrùlé tó ń jò wà níbẹ̀, Múyìwá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bèèrè ẹni tó bá mi jẹun kò sí níbẹ̀ mọ́, n kò sì rò pé ẹlòmíràn máa bèèrè rẹ̀ láyé yìí. Àdúrà kan ṣoṣo tí mo gbà fún ọdún mọ́kànlá ti bọ́ sílẹ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí, n kò mọ̀ bóyá màá lè gbé e sórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì ju bó ṣe yẹ lọ púpọ̀. Èmi ni mo sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá sọ òótọ́.

Lánàá ni Ọjọ́bọ̀. Mo ti pinnu pé màá sọ fún wọn. Ìyá Bísí gbé ìjókòó wọn dé, Solange tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹja àti ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí abọ́. Mo la ẹnu, mo wo ojú wọn, mo wá rí i pé bí mo bá sọ ọ́, Ọjọ́bọ̀ ti parí nìyẹn. Ta ló máa gbé ìjókòó wá nítorí èmi?

Ìyá Bísí ní, "Tíṣà, kí ni màmá wí lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo ní ohùn wọn há díẹ̀.

Ìyá Bísí ní kí màmá máa lá oyin, kí n bá àwọn kí wọn. Mo ní wọ́n á gbọ́.